Èsì: Kí ló dé tí fíìmù oníìtàn mẹ́ta yìí fi já òǹwòran kulẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá àìlówó ló jẹ́ kí fíìmù yín tó dá lórí ayé ọjọ́ iwájú, ìtàn kéékèèké mẹ́ta tí ẹ so pọ̀, já àwọn tó wò ó n'Ílọrin kulẹ̀. Rárá o.

Ohùn ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn ilé, kí máìkì sún mọ́ ẹnu òṣèré, kí ẹ sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀, láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 30; òun lẹ ó fi dí àlàfo nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Òṣèré tún sún mọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé jù, ìyẹn aṣọ ẹ̀yìn wọn tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ sí àwòrán mìíràn, ló fi jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ń hàn létí irun wọn. Mítà 2, ó kéré tán. Ẹ na aṣọ náà kó má hunjọ, kí iná tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti òṣèré.

Àmọ́ kí lẹ tilẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ya ayé mìíràn sí, nígbà tí àpáta Òkè Sóbí wà níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tí omi Òwu tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpínlẹ̀ Kwara náà sì wà?

Ìtàn kejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ohun kan ṣoṣo, bí aago ọwọ́ inú fíìmù yín, so méjì tó kù pọ̀.