Ìtànṣán ń bó mi láwọ̀: báwo ni àlùwàlá, ìwẹ̀, ìrun àti ààwẹ̀ mi ṣe máa rí?

ÌBÉÈRÈ

As-salaamu ‘alaykum wa rahmatullah, Àlùfáà wa. Àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ọmú mi òsì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì ní kí n máa gba ìtànṣán ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Awọ ọmú náà ti dúdú, abẹ́ rẹ̀ àti abíyá mi ń bó, omi sì ń sun níbẹ̀. Wọ́n fi tàdáwà sàmì sí mi láyà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá àlùwàlá mi pé, mi ò sì mọ bí màá ṣe wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn tí mo bá parí nǹkan oṣù mi. Ó ń rẹ̀ mí púpọ̀, mo wá ń jókòó kírun, arábìnrin kan sì sọ fún mi pé ìdajì láádá ni mò ń gbà. Ọkùnrin wà nínú àwọn tó ń tò mí sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ọmú mi wà níta. Rámádánì náà ti ń bọ̀. Ọkàn mi ń sọ pé kí n kúkú dá ìtọ́jú yìí dúró, kí n fi sùúrù gba ohun tí Ọlọ́hun kọ, kí n lè ráyè jọ́sìn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌDÁHÙN

Wa ‘alaykumu s-salaam wa rahmatullahi wa barakaatuh, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́hun wò yín sàn, ìwòsàn tí kò ní fi àìsàn kankan sẹ́yìn.

Ẹ má dá ìtọ́jú náà dúró. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìbéèrè yín yòókù ní ìdáhùn tó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Àwọn ará oko bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìtọ́jú. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wá a, torí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kankan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó nìkan. Usaamah ọmọ Shariik, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hàdíìsì Abu Daawud àti ti Tirmidhi.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ ìtàn obìnrin dúdú tí wárápá ń ṣe fún yín, èyí tó wà nínú Bukhari. Ànábì ní kó yan ọ̀kan: kó ṣe sùúrù kó sì gba Àlùjánnà, tàbí kí òun ṣe àdúà fún un kó rí ìwòsàn. Ó yan sùúrù. Òótọ́ ni hàdíìsì náà. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn gbọ́ ìlérí Àlùjánnà láti ẹnu Ànábì fúnra rẹ̀, ó sì mọ ohun tó fi ìlera rẹ̀ gbà. Ta ló gba irú ìlérí yẹn nínú wa? Jíjókòó sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, kí awọ máa ta yín, kí ẹ tún padà lọ lọ́la, sùúrù gan-an nìyẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé ìtànṣán kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbà níye ọjọ́ tó bá wù ú. Ńṣe ni wọ́n pín in wẹ́wẹ́, kí ara tó dá ṣáṣá lè máa rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, kí ti jẹjẹrẹ má sì rí i ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń já ọjọ́ sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ń fún àìsàn náà láyè. Tí ara kò bá gbé e mọ́, àwọn dókítà yín ni kí ẹ sọ fún. Awọ tó ń bó yẹn kò sì jẹ́ àmì pé Ọlọ́hun bínú sí yín. Ọ̀pọ̀ tó ń gbà á ló máa ń rí i lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè le sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Mo sọ èyí kí ẹ̀rù má bàa bà yín tí ẹ bá rí i pé ìtọ́jú ti tán ṣùgbọ́n ara ò tíì rọ̀.

Ní ti àlùwàlá, ẹ ṣí Súúratul-Maa’idah, ẹsẹ 6. Ojú, ọwọ́ títí dé ìgúnpá, pípa orí, ẹsẹ̀ títí dé kókósẹ̀. Ṣé ẹ rí ọmú níbẹ̀? Ṣé ẹ rí abíyá? Ibi tó ń bó lára yín kò sí lára ibi tí omi àlùwàlá ń dé rárá. Àlùwàlá yín pé. Bó bá jẹ́ pé èjìká ló le tí ọwọ́ òsì kò fi ṣeé gbé, kí ọkọ tàbí ọmọ yín máa bu omi fún yín. Mughiirah ọmọ Shu‘bah bu omi àlùwàlá fún Ànábì fúnra rẹ̀.

Ìwẹ̀ ọ̀ranyàn ló gba àlàyé díẹ̀, torí gbogbo ara ló kàn. Jaabir sọ fún wa, nínú Abu Daawud, nípa ọkùnrin kan tí òkúta fọ́ lórí nígbà ìrìn-àjò. Ó lálàá tí àtọ̀ fi jáde lára rẹ̀, ìwẹ̀ sì di dandan fún un. Ó bi àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bóyá òun lè ṣe tayamọ́mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ mímọ́ pa ojú àti ọwọ́ dípò omi. Wọ́n ní àwọn ò rí ìrọ̀rùn kankan fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Ànábì, inú bí i gan-an. Ó ní: “Wọ́n pa á, kí Ọlọ́hun pa wọ́n! Kí ló dé tí wọn ò bèèrè nígbà tí wọn ò mọ̀?” Arábìnrin mi, ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe ẹni tó wá ìrọ̀rùn ni Ànábì bínú sí. Àwọn tó fi ìrọ̀rùn dù ú ló bínú sí. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ le koko mọ́ yín nítorí ara yín tí kò yá, ẹ rántí ọkùnrin yẹn.

Bí ẹ ṣe máa wẹ̀ nìyí. Ẹ lo omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbóná. Ẹ wẹ gbogbo ibi tó dá ṣáṣá bí ẹ ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́. Fífi ọwọ́ ra ara wà nínú fáríllà ìwẹ̀, ìyẹn ohun tó jẹ́ dandan níbẹ̀, lójú ọ̀nà Imaam Maalik, ṣùgbọ́n níbi tí awọ ti bó, ó ti bọ́ lọ́rùn yín. Ẹ kàn jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí ibẹ̀ wẹ́rẹ́, láìsí kànrìnkàn, láìsí ọṣẹ olóòórùn. Tí àwọn tó ń tọ́jú yín bá ní kí omi má kan ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tútù pa á. Tí pípa náà bá máa ṣe é léṣe, ẹ pa orí báńdéèjì tó bò ó. Tí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe nínú wọn, tayamọ́mù ti tó yín. ‘Amru ọmọ al-‘Aas bẹ̀rù òtútù lásán nígbà ogun Dhaatus-Salaasil, ó ṣe tayamọ́mù dípò ìwẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó ní “ẹ má ṣe pa ara yín” gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín ni Ànábì rín, kò bá a wí. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ tẹ omi kúrò lára, ẹ má nù ún.

Omi tó ń sun láti ibẹ̀ kò ba àlùwàlá jẹ́ lójú ọ̀nà Imaam Maalik, torí kò gba ojú ọ̀nà ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ jáde. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ ṣàn sára aṣọ, tí kò sì ṣeé dá dúró, wọ́n ti mójú kúrò níbẹ̀. Umar ọmọ al-Khattaab kírun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde láti ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fi pa á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni pé bí omi náà bá yí àwọ̀ padà tàbí tó ń rùn, tàbí tí ibà bá dé, kí ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmì tàdáwà kò dí ìwẹ̀ lọ́wọ́. Àwọ̀ lásán ni, kì í ṣe ohun tó nípọn tí omi kò lè là kọjá, torí náà ẹ má fọ̀ ọ́. Àwọn ibòmíràn máa ń fi abẹ́rẹ́ tọ àmì kékeré sára. Ìyẹn náà kò kó yín sínú ègún tó wà lórí fínfín ara, torí nínú ọ̀rọ̀ tí Ibn Abbaas sọ nínú Abu Daawud, ẹni tó ṣe é “láìsí àrùn” ni wọ́n dárúkọ.

Kí n fi èyí kún un, bí ẹ kò tilẹ̀ bèèrè. Gígé irun abíyá jẹ́ súńnà, Anas sì sọ pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá 40 ọjọ́. Ẹ fi tìhà òsì sílẹ̀ ní àkókò yìí. Abẹ kò gbọdọ̀ kan awọ yẹn, ìtànṣán fúnra rẹ̀ tún lè mú irun ibẹ̀ re. Lọ́fíńdà, páúdà àti ìpara abíyá náà, ẹ jìnnà sí wọn níbẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Òróró àti oyin tí àwọn ènìyàn ń kà Àlùkùránì sí, ẹ lè fi wọ́n sẹ́nu bí dókítà bá gbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi pa ibi tó bó. Aṣọ òwú tó fẹ̀ ló dára lábẹ́ híjáàbù. Tí kọ́mú bá ń ha yín, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Híjáàbù tó gbòòrò ti bò yín.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìrun. Ohun tí arábìnrin yẹn sọ wà nínú hàdíìsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e síbi tó yẹ. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tó lè dìde tó sì jókòó kí nàfílà, ìrun tí kì í ṣe dandan, ló ń gba ìdajì. Aláìsàn tó jókòó kọ́ nìyẹn. ‘Imraan ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu, gbọ́ láti ẹnu Ànábì pé: “Kírun lórí ìdúró. Bí o kò bá lè ṣe é, jókòó. Bí o kò bá lè ṣe ìyẹn, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.” Ànábì náà ṣubú lórí ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún bó, ó sì jókòó kírun. Láádá yín pé. Kódà nàfílà òru tí ẹ máa ń kí nígbà tí ara le, tí àárẹ̀ yìí gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ fún yín. Abu Muusaa al-Ash‘ari gbà á wá, nínú Bukhari, pé tí ẹrú Ọlọ́hun bá ṣàìsàn tàbí tó rin ìrìn-àjò, wọ́n máa kọ irú ohun tó ń ṣe nígbà tó wà nílé tára rẹ̀ le sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, tí ẹ bá lè dúró fún Fáátíhà, ẹ dúró. Tí ó bá rẹ̀ yín láàárín rẹ̀, ẹ jókòó. Gbígbé ọwọ́ sókè nígbà kábàrá, ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń sọ “Allaahu Akbar”, kì í ṣe fáríllà, ẹ gbé e dé ibi tó bá dé. Tí ìforíkanlẹ̀ bá ń fa awọ abíyá ya, ẹ tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, kí ìforíkanlẹ̀ yín relẹ̀ ju rúkúù lọ. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá pẹ́, tàbí tí ẹ bá dé tí ara kò gbé e, ẹ kí Àyìlá sí ìparí àsìkò rẹ̀ àti Alàsárì ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí àlùwàlá kan gbé méjèèjì. Ẹni tó bẹ̀rù pé òun lè dákú kí ìrun kejì tó wọlé lè kó méjèèjì pọ̀ sí àsìkò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nílé, ìrun tó ní ràkáà mẹ́rin, mẹ́rin náà ṣì ni. Arìnrìn-àjò ló ń dín in kù.

Lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń tò yín sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ bèèrè fún obìnrin. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ṣe é bí wọ́n bá ní. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣí kìkì ibi tí ìtọ́jú kàn, kí wọ́n fi aṣọ bo ìyókù. Rubayyi‘ ọmọ Mu‘awwidh sọ pé àwọn obìnrin máa ń bá Ànábì lọ sójú ogun, tí wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin lómi, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Obìnrin oníwárápá ọjọ́sí náà, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́yìn tó yan sùúrù ni pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ tí òun bá ṣubú, Ànábì sì ṣe àdúà yẹn fún un. Ìtìjú yín, ìgbàgbọ́ ni, Ọlọ́hun sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣíra sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán láti ìta kì í sì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ara: ẹ gbé ọmọ yín, ẹ tò sínú sọ́fù, ẹ sùn ti ọkọ yín. Kí ẹ ṣáà má lóyún ní àsìkò yìí.

Ààwẹ̀ ló kù. Ìtànṣán kò ba ààwẹ̀ jẹ́, ìpara orí awọ náà kò bà á jẹ́. Torí náà, tí ara yín bá gbé e tí dókítà sì gbà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ bá wọ̀ yín lára, tí ẹ nílò omi àti oògùn ìrora lọ́sàn-án, ẹ jẹun. Ọlọ́hun sọ nínú Súúratul-Baqarah, ẹsẹ 185, pé kí aláìsàn san án padà lọ́jọ́ mìíràn, Ó sì so ó mọ́ ọn pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún yín, Òun kò fẹ́ ìnira. Ẹ̀yin kò sí nínú àwọn tó ń bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀, torí a ń retí pé ara yín máa yá. Sísan ni tiyín. Bí àìsàn náà kò bá sì jẹ́ kí ẹ san án títí Rámádánì mìíràn fi dé, kò sí ìtánràn ìdádúró lọ́rùn yín.

Nígbà tí ẹ bá wà lórí ibùsùn ẹ̀rọ, tí gbogbo ènìyàn ti jáde tó ku ẹ̀yin nìkan, ẹ máa ka ohun tí Ànábì kọ́ ‘Uthmaan ọmọ Abil-‘Aas, ẹni tí ibì kan ń dùn lára. Bismillah lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀méje: A‘uudhu billaahi wa qudratihi min sharri maa ajidu wa uhaadhir, mo fi Ọlọ́hun àti agbára Rẹ̀ wá ìṣọ́ kúrò nínú aburú ohun tó ń ṣe mí àti ohun tí mò ń ṣọ́ra fún. Wọ́n ní kí ẹ má mira níbẹ̀, torí náà ahọ́n nìkan ti tó. Tí ẹ bá délé, ẹ gbé ọwọ́ lé ojú ibẹ̀ kí ẹ tún un kà, ẹ kàn jẹ́ kí aṣọ wà láàárín ọwọ́ àti awọ.

Wallaahu a‘lam.