Kí Debian 11 tó di 12: Y ni àbí N?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé sáfà yín láti Debian 11 (ẹ̀yà Linux kan) sí 12, pé tí dpkg, irinṣẹ́ tó ń fi package (àkópọ̀ sọ́fúwíà) sórí Debian, bá dúró tó ń béèrè bóyá kó fi fáìlì ètò (config) tuntun rọ́pò tiyín, èwo ni kí ẹ tẹ̀, Y ni àbí N. N ni èmi sábà máa ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí nínú iṣẹ́ yìí kò ti ibẹ̀ wá. Ibi tí dpkg kò ti béèrè ohunkóhun ni ẹ máa ṣọ́.

dpkg máa ń tọ́jú md5sum (àmì tó ń fi hàn bí fáìlì bá ti yí padà) fáìlì ètò kọ̀ọ̀kan bó ṣe gbé e wá. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan fáìlì náà rí, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìbá yín sọ ọ́. Bí ẹ̀yin nìkan bá ti yí i padà, á fi tiyín sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀yin àti àwọn tó ń ṣe package náà bá jọ yí i padà ló máa ń béèrè. Ẹ tẹ D kí ẹ kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ wọn. Tí ẹ bá tẹ N, tuntun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín pẹ̀lú .dpkg-dist nídìí orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ Y, tiyín á gba .dpkg-old sídìí orúkọ rẹ̀. Kò sí èyí tó sọnù nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

Ti PHP, èdè tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń ṣiṣẹ́, ló yàtọ̀. Debian 11 ń lo 7.4, 12 ń lo 8.2, ètò wọn sì wà ní /etc/php/7.4 àti /etc/php/8.2. Fódà tuntun ni, kí ni dpkg fẹ́ béèrè? Sáfà ilé ìwé kan tí mò ń bójú tó gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí àwọn olùkọ́ kò ṣe rí ìwé ìdánwò fi ránṣẹ́ mọ́: upload_max_filesize, ìyẹn ìwọ̀n fáìlì tó tóbi jù tí PHP ń gbà, ti padà sí 2M. php.ini wa àtijọ́, fáìlì ètò PHP, wà níbẹ̀ digbí, kò sí ohun tó ń kà á mọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni PostgreSQL (database) tó kúrò ní 13 bọ́ sí 15. pg_lsclusters á fi cluster méjèèjì, àkójọ dátà ti 13 àti ti 15, hàn yín. Ẹ fi pg_dropcluster yọ 15 tó ṣófo (15 o, ẹ má yọ 13 tí dátà yín wà!), kí ẹ wá fi pg_upgradecluster gbé dátà àti ètò lọ pọ̀. Tí ẹ bá sì dé Debian 13 lọ́jọ́ iwájú, systemd-sysctl, tó ń fi ètò kernel sípò, kò ní ka /etc/sysctl.conf mọ́, ẹ ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí /etc/sysctl.d láti ìsinsìnyí.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi kọ nǹkan temi sínú fáìlì ńlá tí package gbé wá mọ́. Fún ssh, tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, mo máa ń fi fáìlì kékeré sí /etc/ssh/sshd_config.d, fún service, systemctl edit ni. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń fi fáìlì rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ láti ayé Debian 10, kó yẹ sshd_config rẹ̀ wò: ó ṣeé ṣe kí ìlà Include, tó ń pe àwọn fáìlì inú sshd_config.d, má sí níbẹ̀, fáìlì kékeré yẹn kò sì ní ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi etckeeper síbẹ̀. Á kó gbogbo /etc sínú git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì, á sì máa ṣe commit (kí ó ṣàkọsílẹ̀ àyípadà) ṣáájú apt, tó ń fi package sórí ẹ̀rọ, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sí ìta gbangba, /etc/shadow (ibi tí password wà) àti kọ́kọ́rọ́ ssh wà nínú rẹ̀. debsums -ce á sọ àwọn fáìlì tí ẹ ti yí padà fún yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà /var/spool/cron/crontabs (àwọn iṣẹ́ tó ń lọ ní àkókò tí ẹ yàn) àti /usr/local náà, torí wọn kò sí lábẹ́ /etc.

Inú tmux, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ìsopọ̀ tilẹ̀ já, ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já nígbàkigbà. Tó bá parí, ẹ fi èyí wá àwọn fáìlì tó kù sílẹ̀ (ucf ni irinṣẹ́ mìíràn tó ń béèrè bíi dpkg):

find /etc -name '*.dpkg-*' -o -name '*.ucf-*'

Ẹ fi diff wo ohun tó bá jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe sshd -t, tó ń wò bóyá àṣìṣe wà nínú ètò ssh, kí ẹ tó tún ssh bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi tẹ́míná kan sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ẹ ó fi rí i pé ẹ lè wọlé láti òmíràn.