Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Iná Ṣẹ́jú Lẹ́ẹ̀kan, Switcher Bá Kú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó mídíà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Challenge níbí. A ra switcher oníhò mẹ́jọ (ẹ̀rọ tá a fi ń yan àwòrán kámẹ́rà tó máa jáde), a sì ra UPS 1kVA tì í (àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ tí wọ́n bá múná lọ). Sátidé tó kọjá la ń fi ìgbéyàwó han àwọn ẹbí tó wà lókè òkun, ni wọ́n bá múná lọ, UPS ké píì lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ bá kú pátá. Projector, amplifier, láptọ́ọ̀pù, gbogbo ẹ̀ la kó sórí UPS yẹn o. Ìyá ọkọ pè láti Amẹ́ríkà, ó ń sunkún pé òun ò rí ibi tí wọ́n ti wọ òrùka. Ṣé UPS ńlá la máa rà ni àbí inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé? (Ọmọ mídíà, Challenge)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, ẹkún ìyá yẹn dùn mí wọra. Má tíì náwó kankan. UPS yín ò kéré, ẹrù tẹ́ ẹ dì lé e lórí ló pọ̀jù. 1kVA tí wọ́n kọ sára ẹ̀ yẹn kì í ṣe 1000 watt, ọ̀pọ̀ UPS 1kVA tó wà lọ́jà, bí 600 watt ló lè gbé, àwọn míì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wo ẹ̀yìn ẹ̀ wàá rí i. Projector nìkan lè jẹ tó 300, amplifier tún wá jókòó tì í, gbogbo ìgbà tí báàsì bá dún gbùà ló ń fa iná sí i, kí ni UPS fẹ́ ṣe ju kó ké kó sì sùn lọ?

Mú bírò. Wo ẹ̀yìn switcher tàbí adaptor ẹ̀, o máa rí volt àti ampere, sọ wọ́n di púpọ̀: 12V lọ́nà 5A, 60 watt nìyẹn. Ká ní láptọ́ọ̀pù tó ń gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ 120, mọ́nítọ̀ mẹ́ta ní 30-30 jẹ 90, router 15, converter kéékèèké mẹ́rin (tó ń yí irú àmì àwòrán kan sí òmíràn) 20. Àpapọ̀ ẹ̀ 305. Fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e torí nǹkan tẹ́ ẹ ṣì máa rà, ó di bí 380. UPS yín gbé e dáadáa nìyẹn!

Ohun tó yẹ kó yé ẹ ni pé nǹkan tí iná ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú rárá wà lọ́tọ̀. Tí amplifier bá kú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, pásítọ̀ á gbóhùn sókè, ìjọ á dúró dè é. Switcher ò rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, iná já fírí báyìí, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní gbọ̀ngàn kan ní Mókọ́lá níbi ìsìnkú, wọn ò tiẹ̀ múná lọ o, ìgbà tí wọ́n múná dé tí bọ̀ọ̀dá tó wà nídìí jẹ́ẹ̀nì yí change over padà ni, tá! ojú screen dúdú, ìgbà tí switcher máa fi jí, fọ́tò àti orúkọ màmá olóògbé tá a ti tò sísàlẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, torí a ò save ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tún un tẹ̀.

Torí náà switcher, láptọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀, converter àti router nìkan ni kó wà lórí UPS, kí projector àti amplifier lọ sórí wáyà tiwọn. Router yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, switcher ò ní kú àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Ní ti bó ṣe máa pẹ́ tó, tí UPS yẹn bá ní bátìrì 12V 7Ah méjì, 168 watt-hour ló wà nínú ẹ̀, kò sì ní lè gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, fọkàn sí bí ìṣẹ́jú 15. Ó tó kí ẹnìkan sáré lọ tan jẹ́ẹ̀nì. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, inverter ni. Bátìrì lead-acid 12V 200Ah kan jẹ́ 2400 watt-hour, ìdajì ni kẹ́ ẹ lò kó má baà tètè bàjẹ́, 1200 nìyẹn, inverter fúnra ẹ̀ á jẹ díẹ̀, ó ṣẹ́ ku bí 1000, pín in sí 305, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Kó jẹ́ pure sine wave o (irú èyí tí iná ẹ̀ ń jáde geere bíi ti ìjọba), kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí UPS wà láàrin inverter àti switcher, torí ọ̀pọ̀ inverter máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbaná, díẹ̀ yẹn náà ló ń pa switcher.

Jẹ́ẹ̀nì kékeré tá à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá. Iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò, UPS á kọ̀ ọ́, á máa jẹ bátìrì ara ẹ̀, jẹ́ẹ̀nì á ṣì máa dún níta nígbà tí switcher á ti kú nínú ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Switcher ńlá tá a fi ń ṣe rẹ́ǹtà ní Bódìjà ní ihò iná méjì lẹ́yìn, ọ̀gá mi ní ìkan ti tó. Ṣóòótọ́ ni? (Ọmọ iṣẹ́, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkan lóòótọ́, àmọ́ kí ìkan lè gbà á tí èkejì bá kú ni wọ́n ṣe ṣe é ní méjì. Ẹ ki ìkan sí UPS, ẹ ki ìkejì síbi iná míì, ẹ má ki méjèèjì sí ẹ̀sítẹ́nṣọ̀n kan náà, ọjọ́ tẹ́nìkan bá fẹsẹ̀ kọ wáyà yẹn méjèèjì ló máa lọ. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ tan án, ẹ yọ ìkan, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tó yọ ìkejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.