Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí Ìwé Yẹn

ÌBÉÈRÈ

Okun o, Lọ́yà wa. Ìsánlú ni mo ń gbé. Ní 2021, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 37, èmi àti ọkọ mi lọ ṣe IVF (kí wọ́n pa ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin ní láàbù) nílé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin. Owó kajú ọdún méjì la kó lé e lórí. Ọlẹ̀ márùn-ún ni wọ́n rí. Wọ́n fi méjì sí mi nínú, kò dúró. Wọ́n ní àwọn á fi mẹ́ta tó kù pamọ́ sínú òtútù. Ọdọọdún la ń san owó ìpamọ́, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti di ẹni ọdún 41 báyìí. Nígbà tí a padà lọ lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì ní ó ku kan. Lọ́jọ́ kejì, dókítà pè wá sí ọ́fíìsì, ó ní kò ku nǹkan kan, pé náítrójìn inú táǹkì, omi tútù tí wọ́n fi ń dì wọ́n, ló gbẹ. Wọ́n láwọn á tún un ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé kan. Ìyá ọkọ mi ní ká fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Kí ni òfin wí?
Ìyàwó Oníkajú

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ẹ ò sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti kọjá lójú mi: “A ti gbà, a ti parí, a ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.” Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó dáadáa: ẹyin ọmọ ọdún 37 ni wọ́n fi ṣe àwọn ọlẹ̀ tó ṣòfò. Ẹyin ẹni ọdún 41 ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀fẹ́ yìí. Ṣé ọgbọọgba nìyẹn? Dókítà náà mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọọgba.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni bàbá mi ní Kàbbà, ó sì máa ń sọ pé fáìlì ló ń jà ní kọ́ọ̀tù, kì í ṣe ẹnu. Nítorí náà, kí ariwo tó dé, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ máa mú wálé. Ẹ béèrè fún gbogbo fáìlì yín: ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní 2021, àkọsílẹ̀ láàbù lórí ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sínú òtútù, ìwé tí wọ́n fi ń kọ bí náítrójìn inú táǹkì ṣe ga tó, àti rìsíìtì ibi tí wọ́n ti ń rà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kì í wá sọ́kàn àwọn ènìyàn. Táǹkì kì í gbẹ lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. National Health Act ti 2014 ní dandan ni kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín.

Lónìí náà, ẹ kọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ àti ohun tí dókítà sọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. “Ó ku kan” àti “kò ku nǹkan kan” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Tí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. Abala 84 nínú Evidence Act ti 2011 gbà á ní kọ́ọ̀tù tí lọ́yà bá fi ìwé ẹ̀rí tó yẹ tì í.

Ní ti ẹjọ́ gan-an, kò sí òfin tí wọ́n ṣe fún IVF nìkan ní Nàìjíríà. Àdéhùn tí wọ́n dà, tàbí àìbìkítà, lẹ máa fi pè wọ́n. Èmi á gbára lé àdéhùn. Wọ́n gba owó ìpamọ́ lọ́dọọdún, ohun tí wọ́n ń pa mọ́ kò sí mọ́. Kí wọ́n wá ṣàlàyé. Àìbìkítà le jù. Ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Benin nítorí pé kò rí oyún mọ́. Abẹ́rẹ́ kán, àjákù rẹ̀ kù sí i nínú. Síbẹ̀, obìnrin náà ló jẹ̀bi, torí kò mú dókítà mìíràn wá jẹ́rìí pé kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi owó onímọ̀ tó máa jẹ́rìí sínú ìṣirò yín.

Ẹ sì béèrè ẹni tó ṣe táǹkì náà àti ẹni tó ń tún un ṣe. Táǹkì kan bàjẹ́ ní San Francisco ní 2018. Ní 2021, kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ènìyàn márùn-ún, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi náà sì bọ́ sórí ilé iṣẹ́ tó ṣe táǹkì. (Ẹ má fọkàn sí dọ́là o; Ìlọrin la wà.)

Ìlọrin náà ni kọ́ọ̀tù tó máa gbọ́ ọ, kì í ṣe Kàbbà, torí ibẹ̀ lẹ ti ṣe àdéhùn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé 2021 yẹn ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ onílàjà ṣáájú. Ẹ tún lè fi ẹjọ́ dókítà sun MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Wọ́n lè dá a dúró tàbí yọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó fún ni. Owó tí ẹ san ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lè bá yín lé, ọ̀fẹ́ sì ni láti kọ̀wé sí wọn. Ẹ má gbé ọlọ́pàá lọ. Ìyẹn á kàn sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀lì.

Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí, tó sì jẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é: oṣù mẹ́ta péré ni òfin sábà máa ń fún yín láti pe ẹjọ́. Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà, ọ́fíìsì Legal Aid Council wà ní Lọ́kọ́ja.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín. Kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, ẹ̀yin ẹ máa kọ lẹ́tà lọ. Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ẹ ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì owó ìpamọ́ yẹn, íǹkì rìsíìtì máa ń ṣá. Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí náà, ẹ gba ẹ̀dà kan wálé. Tí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ̀.