Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Bébà "Ẹ Má Bú Ọmọ Iṣẹ́ Wa" Tí Wọ́n Ń Lẹ̀ Mọ́ Ṣọ́ọ̀bù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù provision ní Kubwa, ní Àbújá níbí, a sì ń ṣe POS mọ́ ọn. Ọmọ méjì ló ń bá mi tajà, ọ̀kan ọmọ Ìlọrin, èkejì ọmọ Gbagyi àdúgbò wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá kan ṣe tíránsífà, owó ò tíì wọlé, ọmọ Ìlọrin yẹn ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, bí bàbá yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó pè é lólè, ó pè é lọ́mọ àìlẹ́kọ̀ọ́, ó ń fi fóònù gbá káńtà títí gíláàsì ibẹ̀ fi sán. Ìgbà tí mo dé, ẹ̀yìn páálí Indomie ni mo ti bá ọmọ yẹn, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Ni mo bá lọ tẹ bébà jáde, "NO INSULTING OF STAFF", mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kejì gan-an, obìnrin kan dúró sábẹ́ bébà yẹn, ó ń bú wọn. Ṣé ó tiẹ̀ wúlò báyìí? Ṣé kí n yọ ọ́? — Oníṣọ́ọ̀bù, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí ọmọ Ìlọrin yẹn, ẹ ní mo ní ó kú ìfaradà.

Bébà yẹn máa wúlò, àmọ́ ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un kọ. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti Wuse títí dé Nyanya, ẹ máa rí "àwìn ò sí lónìí, ẹ padà wá lọ́la", ẹ máa rí "ọjà tá a bá ti tà a kì í gbà á padà", ẹ máa rí nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ máa rí pósítà ìsọjí àti pósítà olóṣèlú tí ìbò ẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í kà á mọ́, ńṣe là ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni gba abẹ́ igi. Ẹ̀yin tún wá fi òyìnbó kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, bíi sójà tó ń pàṣẹ.

Ẹ̀gbẹ́ POS ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, ibi téèyàn ti máa ń dúró retí alert. Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí owó bá ti há, tíránsífà tí ò wọlé, ṣénjì tí ò sí, tàbí kí iye tí ọmọ pè yàtọ̀ sí iye tó wà lára ọjà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn káńtà kọ́ ló ni báǹkì, òun kọ́ ló ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àmọ́ òun ni wọ́n rí bá wí. Ẹ ṣáà rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí naira tuntun wọ́n bí ojú, tí wọ́n ń bú ọmọ POS kiri Àbújá bíi pé òun ló kó owó pamọ́, ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí Supreme Court tó dá a lẹ́jọ́ pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́ títí dìgbà tí ọdún yẹn máa parí. Gbogbo èébú tí àwọn ọmọ yẹn ti jẹ kó tó dìgbà yẹn, ta ló bẹ̀ wọ́n?

Èmi náà ti dúró lẹ́yìn káńtà rí. Mo bá àǹtí mi ta aṣọ ní Sabon Gari ní Kano nígbà tí mo ṣì kéré, lásìkò ọyẹ́ kan ọkùnrin kan ní kí n gé yáàdì mẹ́fà, mo sọ iye ẹ̀, ó ní mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ, ló bá sọ owó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó ní kí n ṣà á. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Àǹtí mi ò pariwo, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì gba aṣọ yẹn padà, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n wá fi Hausa sọ fún un pé kó ṣa owó ẹ̀, aṣọ yẹn ò sí fún títà mọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ṣà á. Mi ò rántí iye tá a pàdánù lọ́jọ́ yẹn mọ́, àmọ́ mo ṣì rántí bí ọwọ́ àǹtí mi ṣe gbóná lọ́wọ́ mi.

Kò sí bébà kankan lára ògiri wọn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ lẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ yín ló ń bá sọ̀rọ̀ ju kọ́sítọ́mà lọ, ìlérí lẹ ṣe fún wọn lójú gbogbo ayé pé ẹ wà lẹ́yìn wọn. Tí obìnrin kan bá wá ń bú wọn lábẹ́ ìlérí yẹn, tẹ́ ẹ jókòó sínú tẹ́ ẹ ń ka owó, àwọn ọmọ yẹn ti mọ̀ pé irọ́ ni, kọ́sítọ́mà náà sì ti mọ̀. Ẹ dìde. Ẹ bọ́ síwájú. Ẹ ní "màmá, èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́", kẹ́ ẹ sì rán ọmọ yẹn lọ sẹ́yìn kó lọ mu omi. Tí wọ́n bá ní kọ́sítọ́mà lọba, ẹ má dá wọn lẹ́kun, òótọ́ ni, Ọ̀yọ́ Mèsì náà sì máa ń ṣí igbá fún ọba tó bá ṣe àṣejù láyé àtijọ́.

Gúúsù Kòríà rí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún 2018 wọ́n fi í sínú òfin iṣẹ́ wọn pé ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọmọ iṣẹ́ tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, kó lẹ ìkìlọ̀ tàbí kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù, tí wọ́n bá sì ti bú ọmọ yẹn, kó gbé e kúrò níbẹ̀ tàbí kó jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n gbé ẹrù yẹn lé. Ní Tokyo náà, òfin ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tó ní kí kọ́sítọ́mà má fìyà jẹ ọmọ iṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn kankan sí i.

Àbújá níbí náà ò ṣàìní òfin. VAPP Act ọdún 2015, ìyẹn òfin tó ń gbógun ti ìwà ipá síni, abala 14 ẹ̀ ní ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìbànújẹ́ ọkàn jẹ ẹlòmíì níyà lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 1 lọ, tàbí kó san owó tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sáré lọ téṣàn lórí gbogbo ẹni tó bá pariwo, torí ìwà téèyàn ń hù léraléra ni òfin yẹn ń bá wí, èébú lóòrèkóòrè, ìhàlẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ ra ìwé kékeré kan sábẹ́ káńtà, ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ni wọ́n sọ, ta ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta tó ń ṣe nǹkan kan náà, ẹ ti ní ẹ̀rí. Tó bá gbá ọmọ yẹn tó sì dá ọgbẹ́ sí i lára, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ìwé kékeré, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ gba ìwé dókítà, kẹ́ ẹ lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má ṣe: ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́sítọ́mà, ẹ má gba fóònù ẹ̀, ẹjọ́ á yí padà sórí yín.

Ohun tí mo máa kọ tó bá jẹ́ èmi nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ èèyàn ló ń tajà níbí. Tí alert yín ò bá tíì wọlé, ẹ pe ọ̀gá sí nọ́ńbà yìí. Ẹni tó bá bú wọn tàbí tó fọwọ́ kàn wọ́n, a ò ní tajà fún un lónìí." Kẹ́ ẹ kọ Hausa sísàlẹ̀ ẹ̀, "Don Allah kada a zagi ma'aikatanmu", ìyẹn ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú ọmọ iṣẹ́ wa, kẹ́ ẹ kọ òyìnbó ẹ̀ náà. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹni tínú ń bí, tó bá rí ẹni tó lè yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀ pè, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa fi ọmọ yẹn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, fámasí kan ní Kaduna ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 22 ni mí. Màmá kan wá ra tramadol, mo ní mi ò lè tà á láìsí ìwé dókítà, wọ́n bú mi, wọ́n bú ìyá tó bí mi. Ọ̀gá mi jáde, ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Látọjọ́ náà mi ò fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ìkìlọ̀ ńlá wà lára ògiri wa o. — Ọmọ fámasí

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kíkúnlẹ̀ kí àgbà, àṣà wa ni, mi ò ní bá ọ sọ ọ́ nù, àmọ́ ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹni tó ṣe ohun tó tọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Ìwọ lo dúró ti òfin lọ́jọ́ yẹn. Ìlú tá a wà yìí, a mọ ohun tí oògùn ti fi àwọn ọmọ wa ṣe, kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní lọ́dún 2018 pé kí wọ́n má ṣe oògùn ikọ́ oní-codeine mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé. Scotland ṣe òfin kan lọ́dún 2021 lórí ẹni tó bá bú tàbí tó lu ọmọ tó ń tajà, wọ́n sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìgbà tí ọmọ yẹn ń ṣọ́ òfin ọjọ́ orí lọ́wọ́ ni wọ́n bú u, bíi lórí ọtí tàbí sìgá, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn tún wúwo sí i. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní "mi ò lè tà á" gan-an ni wọ́n máa ń bá jà.

Wá ìgbà tí ara ọ̀gá ẹ bá balẹ̀, tí kọ́sítọ́mà ò sí níbẹ̀, kó o sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kọ̀ láti ta oògùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ tà láìsí ìwé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe tí wọ́n bá bú mi?" Jẹ́ kí òun fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn. Lọ́jọ́ mìíì, sọ fún kọ́sítọ́mà pé "mà, mo gbọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n pe fámásíìsì", kó o sì sún sẹ́yìn kúrò níbi tí ọwọ́ wọn lè tó ẹ. Má dá èébú padà. Tí ọ̀gá yẹn bá tún ní kó o kúnlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ síbòmíì ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo fi ọkàn kan sọ ọ́ fún ẹ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra áyọ́ọ̀nù ní Gwagwalada, kò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Mo gbé e padà, ọmọ ibẹ̀ nawọ́ sí "ọjà tá a bá ti tà", mo gbóhùn sókè, ó tún nawọ́ sí "ẹ má bú ọmọ iṣẹ́ wa". Ṣé mo jẹ̀bi ni? — Oníbàárà

ÌDÁHÙN: Ohùn tó lọ sókè kì í ṣe èébú, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi nǹkan míì kún un tẹ́ ẹ ò sọ fún mi. Bébà àkọ́kọ́ yẹn ò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò. Òfin àwọn oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ti bàjẹ́ padà, ṣọ́ọ̀bù ò sì lè fi bébà ara ògiri gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Inú sì ń bí mi sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń fi ìkìlọ̀ tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ iṣẹ́ bo ẹ̀bi ọ̀gá mọ́lẹ̀, ọmọ yẹn náà ni wọ́n tún wá gbé síwájú kó máa gba ìbínú.

Ẹ padà lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ẹ mú áyọ́ọ̀nù àti rìsíìtì dání, ẹ ní ọ̀gá tàbí mánéjà lẹ fẹ́ rí. Tí wọ́n bá kọ̀, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lẹ máa fẹjọ́ sùn, Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí ọmọ tẹ́ ẹ bá lẹ́nu káńtà, òun kọ́ ló ṣe áyọ́ọ̀nù yẹn.