Èsì Àyẹ̀wò Ẹnu Ilé-Ọmọ Tí Kò Yanjú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 38 ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé. Mo ṣe àyẹ̀wò Pap smear, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹnu ilé-ọmọ wò, lóṣù tó kọjá, wọ́n kọ ASC-US sínú èsì rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ṣé jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi? Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n máa lo àgbo. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹni tó wo ohun tí wọ́n ha lẹ́nu ilé-ọmọ yín rí àyípadà díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn ni. Àkóràn lásán lè fà á. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò HPV, èyí tó wà nídìí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe. Ká ní “unsatisfactory” ni wọ́n kọ ni, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbà kò tó, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ bò ó, ẹ ó sì tún un ṣe láàárín oṣù 2 sí 4.

Nọ́ọ̀sì náà kò ṣì yín lọ́nà, ṣùgbọ́n bí agbára bá gbé e, àyẹ̀wò HPV ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí wọn kò bá rí i, ó di ọdún 3 kí ẹ tó tún yẹ ara wò. Bí wọ́n bá rí i, dókítà àrùn obìnrin yóò ṣe colposcopy fún yín: yóò fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan bí fínígà pa ẹnu ilé-ọmọ, ibi tí ara bá ti yí padà yóò funfun, yóò sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó máa ń ta ni díẹ̀, kì í sì í pẹ́. Ìbálòpọ̀ ni a ti ń kó HPV, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ bá bàálé yín jà o, nítorí ó lè ti wà lára láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ara ọ̀pọ̀ obìnrin sì máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2.

Àwọn tí kì í padà wá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ gba ẹ̀dà èsì yín, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí i. Bí ẹ bá ní kòkòrò HIV, ẹ sọ fún dókítà, torí wọn yóò ní láti tètè mójú tó tiyín ju ti ẹlòmíràn lọ. Àgbo kò lè wo èyí; ẹ má sì ki ohunkóhun sí ojú ara, ẹ má sì bá ọkọ lò pọ̀, fún ọjọ́ 2 ṣáájú àyẹ̀wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí nígbà tí kì í ṣe àkókò nǹkan oṣù, ẹ má dúró de ọdún kan, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.