Ẹ má tíì ra splitter míì: projector mẹ́ta àti monitor kan lórí kọ̀ǹpútà kan

Arákùnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi owó ìjọ ra splitter míì. Ẹ ní projector méjì ń tàn síwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀kẹta ń tàn sára ògiri ẹ̀yìn tí àwọn akọrin kọjú sí, ẹ sì fẹ́ kí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní monitor tirẹ̀ tí ìjọ kò ní máa rí. Splitter oníhò mẹ́rin tí wọ́n tà fún yín ń gbé ohun kan náà síbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá ń béèrè bóyá èyí tó wọ́n jù ú lọ á yanjú ẹ̀, àti bóyá laptop tí ìjọ ní lè gbé gbogbo rẹ̀. Èyí tó wọ́n jù kò ní yanjú ẹ̀. Mẹ́ta ni èmi rà kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo ni splitter ń gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń pín sí gbogbo ihò ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin ló wà níta, ẹyọ kan ló ń rí. Bí ẹ bá ra oníhò mẹ́jọ, àwòrán kan náà lẹ máa rí níbi mẹ́jọ. Ẹni tó tà á fún yín mọ̀, àbí ó yẹ kó mọ̀.

Àwòrán ni kí ẹ kà, ẹ má ka projector. Ti ọ̀tún àti ti òsì níwájú, ohun kan náà ni ìjọ fẹ́ rí níbẹ̀: orin, ẹsẹ Bíbélì, ìkéde. Àwòrán kan nìyẹn. Ti àwọn akọrin ńkọ́? Bí wọ́n bá fẹ́ máa rí ìlà orin tó ń bọ̀ àti aago, àwòrán kejì nìyẹn. Monitor yín ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ mẹ́rin, àwòrán mẹ́ta. Ihò mẹ́ta tó ń dá ṣiṣẹ́ lẹ nílò lára kọ̀ǹpútà, splitter tí ẹ ti rà á sì wúlò ní ọ̀kan nínú wọn, láti pín ti iwájú sọ́tùn-ún àti sósì. Gbólóhùn yìí ni mo fi oṣù méje wá kiri láìrí ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi.

Ní 2019, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa ní Ìbàdàn mú ẹnjiníà kan wá. Kò bi àwa tí à ń lo nǹkan náà ní ìbéèrè kankan. Ó gbẹ́ ògiri, ó ri wáyà HDMI (wáyà tó ń gbé àwòrán láti kọ̀ǹpútà dé projector) oní mítà 30 mọ́ ọn, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó gba owó rẹ̀ lọ. Splitter ló fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ ìkórè ni a kọ́kọ́ lò ó nígbà tí ìjọ kún. Nítorí pé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà gan-an ló wà lára ògiri, gbogbo ìjọ ń wò mí bí mo ṣe ń wá orin, bí mo ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, tí mo ń pa á rẹ́. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ṣí WhatsApp rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yẹn láàárọ̀, kó lè fi àwòrán àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ ránṣẹ́ sí i. Láàárín ìwàásù ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wọlé fún un, ó sì yọ nígun ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, tóbi bí ilẹ̀kùn. Ìjọ kà á. Ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ó jáde, kò sì padà sídìí kọ̀ǹpútà mọ́ títí dòní. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pa gbogbo notification lórí kọ̀ǹpútà ìjọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí WhatsApp tàbí email ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni. Ìbáà jẹ́ pásítọ̀ fúnra wọn.

Nígbà tí ìpàdé pè wá, wọ́n ní àwa ọ̀dọ́ ni kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹnjiníà náà ní kọ̀ǹpútà ti gbó, kí ìjọ ra èyí tó ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 16GB. Akápò tú owó sílẹ̀, a rà á, kò yàtọ̀. RAM kì í bí ihò. Ó tún gbé ohun kékeré méjì wá tí wọ́n ń ki bọ ihò USB tí HDMI ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni pé èyí fún wa ní àwòrán tó dá dúró, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n software ló ń gbé e, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe wàhálà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin jáde dáadáa, fídíò ń ta gìrì-gìrì, ẹnu olórin kò bá ohùn rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kan Windows ṣe update lóru, àwọn méjèèjì kò sì tàn láàárọ̀ Sunday. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ fẹ́ gbé fún àwọn akọrin, ó lè ṣe é. Ẹ má fi í sí iwájú ìjọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, projector ọ̀tún a máa tàn, a máa kú, a máa kọ No Signal. Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, inú bí mi, mo gun àkàbà, mo tú projector náà sílẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì fi wáyà kúkúrú, mítà kan àtààbọ̀, so wọ́n pọ̀. Ó tàn lójú ẹsẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Wáyà tó wà nínú ògiri ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí ìjọ wa sì fi oṣù mẹ́rin ṣe nìyẹn, pẹ̀lú owó àwọn ìyá tó ń ta ata.

Wáyà HDMI oníbàbà lásán, bí àwòrán bá jẹ́ 1080p (ìyẹn 1920x1080), mítà 10 sí 15 ni kí ẹ gbà pé ó lè dé láìṣe yọ́nyọ̀n, bó bá jẹ́ ojúlówó. Mítà 30 kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni HDMI oní fiber, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán. Ó ní orí àti ìdí: wọ́n kọ Source sí ìhà kan, Display sí ìhà kejì. Kọ̀ǹpútà ni Source. Bí ẹ bá gbé e sódì kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má sì ká a kọ́rọ́. Ìkejì ni àpótí kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní HDMI extender, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ projector, wáyà Cat6 (irú wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ network) láàárín wọn. Èyí tí wọ́n kọ HDBaseT sí lára lè dé mítà 100 pẹ̀lú 1080p. Tààrà ni kí wáyà yẹn lọ láti àpótí kan sí èkejì, kò gbọdọ̀ gba inú router tàbí switch kọjá.

Ẹ sì ṣọ́ra fún Cat6 fúnra rẹ̀. Ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹyọ kan nínú wáyà tín-ín-rín yẹn. Bí inú rẹ̀ bá funfun, aluminiọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí inú rẹ̀ bá pupa dé ìdí, ẹ sanwó. Nínú páìpù ni kí wọ́n sì fi í sí, páìpù tó fẹ̀ débi pé orí wáyà HDMI lè gbà á kọjá lọ́jọ́ iwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi símẹ́ńtì bo wáyà lásán, ẹ sọ fún un kó máa lọ.

Ẹ̀yìn tí a ṣe wáyà tán ni mo tó kọjú sí kọ̀ǹpútà gan-an. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tókunbọ̀ ni tiwa, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ra káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sí i, NVIDIA Quadro P620. Ihò mini DisplayPort (ihò àwòrán bíi ti HDMI, ẹnu rẹ̀ ló yàtọ̀) mẹ́rin ló ní, ó kéré débi pé ó wọ inú kọ̀ǹpútà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì nílò wáyà iná ọ̀tọ̀ nítorí pé wọ́ọ̀tì 40 péré ló ń jẹ. Ẹ rí i dájú pé irin kúkúrú tó ń di káàdì mú wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, irin gígùn ni wọ́n kó fún mi, àpótí kọ̀ǹpútà kò sì ṣeé pa dé. Káàdì NVIDIA T600 náà ní ihò mẹ́rin, T400 ní mẹ́ta. Ẹ ra ohun tó ń sọ mini DisplayPort di HDMI fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo apá ibi tó ń kọjú sí: èyí tó ń lọ láti DisplayPort sí HDMI kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ bá yí i padà. Káàdì AMD àtijọ́ kan wà tí ti méjì máa ṣiṣẹ́, tí ẹ̀kẹta á kọ̀, àfi tí ẹ bá lo èyí tí wọ́n kọ active sí. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé káàdì ti bàjẹ́.

Tí ẹ bá ti kì wọ́n bọ̀ ọ́ tán, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú P, ẹ mú Extend, ẹ to wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ilé, ẹ sọ fún EasyWorship, software tó ń gbé orin àti Bíbélì síta, tàbí èyí tí ẹ ń lò pé ibí yìí ni ti ìjọ, ibí yìí ni ti akọrin. Ó ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ máa tan àwọn projector ṣáájú kọ̀ǹpútà, ní gbogbo ìgbà. Bí Windows bá jí tí kò rí ọ̀kan nínú wọn, ó lè yí nọ́ńbà wọn padà, ọ̀rọ̀ akọrin á wá yọ síwájú ìjọ. Bí projector iwájú bá yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan jẹ́ 1024x768 tí èkejì jẹ́ 1920x1080, splitter sábà máa ń fa èyí tó dára wálẹ̀ bá èyí tí kò dára. Méjì tó bára mu ló yẹ níbẹ̀, kí ẹ fi èyí tó kéré fún àwọn akọrin.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì lè pa ènìyàn. Tiwa, projector wà lórí fésì kan, kọ̀ǹpútà wà lórí òmíràn, ilé náà kò sì ní earth (wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) tó dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ ki HDMI bọ̀ ọ́, iná gbé mi, ihò HDMI projector náà sì jó. Ẹ pe oníná kó wo earth yín, kó sì gbé gbogbo wọn sórí fésì kan náà. Kí ó tó dé, ẹ má so HDMI mọ́ ohun tó ń gba iná lọ́wọ́. Ẹ ra UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ) fún projector tó ń lo gílóòbù, nítorí fáànù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tu ú lára kí ó tó kú. Bí iná bá ń já a kú lójijì ní gbogbo Sunday, gílóòbù rẹ̀ kò ní pẹ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ lọ, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé laptop lẹ béèrè. Ẹ má bínú. Ojú laptop fúnra rẹ̀ ni monitor yín, àwòrán kan ti wà nìyẹn. Ihò HDMI rẹ̀ á lọ sí splitter fún iwájú, ìyẹn di méjì. Ti akọrin lè gba ihò USB-C jáde, bí USB-C náà bá ń gbé àwòrán. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé e. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà bóyá wọ́n ya àmì mànàmáná tàbí DP sí i. Bí kò bá sí àmì, ẹ ka ìwé tó bá laptop yẹn wá. Bí ó bá jẹ́ MacBook Air oní M1 tàbí M2, projector tàbí monitor kan ṣoṣo níta ló ń gbà, hub (àpótí tó ń sọ ihò kan di púpọ̀) oníhò HDMI méjì kò sì ní yí ìyẹn padà.

Bí USB-C yín bá ń gbé àwòrán, ohun kékeré tó ń sọ ọ́ di HDMI àti wáyà tó tọ́ nìkan ló kù tí ẹ máa rà, ẹ ò nílò káàdì kankan. Ẹ lọ wò ó lónìí, kí ẹ kọ orúkọ laptop náà àti iye mítà tó wà láàárín rẹ̀ àti projector kọ̀ọ̀kan síbí. Mo máa dáhùn lálẹ́, lẹ́yìn ìdánrawò orin.